Àdí Àgbọn Nínú Ìgò Òkèèrè

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Onídígí, ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi ni pé ọkùnrin tó rẹwà tó báyìí, ó di dandan kí ibì kan máa jò lára ẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ẹwà ọkùnrin ń kọ mànà lójú ẹ̀. Èmi ni àbúrò ìyá Adúmáadán. Ọwọ́ mi ló dàgbà sí nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, èmi náà ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ àdí àgbọn. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ẹ, ọ̀dọ̀ mi ló máa gbà kọjá, ọ̀nà ọ̀dọ̀ mi ò sì fẹ̀.

Yàrá ẹ̀yìn ilé la ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, àti ẹ̀rọ tó ń rin àgbọn, àti aṣọ funfun tá a fi ń fún un. Tá a bá ti fún omi ẹ̀ tán, a máa ń gbé e kalẹ̀ kí ọ̀rá ẹ̀ lè léfòó, a ó wá bu ọ̀rá yẹn sórí iná tí ò le. Tí iná bá pọ̀ jù, àdí á pọ́n, á sì máa rùn bí ohun tó jóná. Tí kò bá jinná dáadáa, omi á ṣẹ́ kù sínú ẹ̀, á sì bà jẹ́. Adúmáadán máa ń sọ èèpo ọsàn sínú ìkòkò tó bá kù díẹ̀ kó jinná. Mo bá a jà lórí ẹ̀ títí, kò gbọ́. Èmi fúnra mi ni mo padà wá ń wá èèpo ọsàn kiri.

A kì í parọ́ fún oníbàárà. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá là, ẹni tí awọ ẹ̀ bá ń gbẹ, a máa ní kó fi díẹ̀ pa á nígbà tí omi ìwẹ̀ ò tíì gbẹ tán lára ẹ̀. Ẹni tó bá bi wá bóyá ó ń wo àrùn, a máa ní kó lọ bá dókítà. Àdí là ń tà, a ò ta iṣẹ́ ìyanu. Àwọn tó ń ta iṣẹ́ ìyanu pọ̀ nígboro, ẹ lọ wo ojú àwọn oníbàárà wọn.

Lọ́jọ́ kan, gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù wa fọ́, wọ́n sì júwe ọkùnrin kan tó ń gé dígí fún wa. Ó wọlé pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tó fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò. Dípò kó gbájú mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó dúró, ó fa afẹ́fẹ́ símú.

“Kí lẹ̀ ń sè tó ń ta sánsán báyìí?”

“Kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn,” Adúmáadán dá a lóhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè. “Imú kọ́ la pè ọ́ fún.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wọn gíláàsì, ó gé e, ó fi sí i, iṣẹ́ ẹ̀ sì mọ́. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó fẹ́ gba owó ẹ̀, Adúmáadán rí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀.

“Ọwọ́ rẹ rèé bí èèpo igi! Ìwọ tí o ń ta dígí, ṣé o kì í wo ara ẹ nínú ẹ̀ ni?”

“Ojú ni mo máa ń wò.”

“A rí i bẹ́ẹ̀.”

Ó bu àdí díẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó ní kó fi ra á. Ọkùnrin náà fi ra á bí ọmọ ilé ìwé tí olùkọ́ ń wò. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún dé, ó ní òun fẹ́ tún fèrèsé wa wọ̀n. Mo bi í pé fèrèsé wo ló tún dàgbà sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Adúmáadán yíjú sí ògiri, mo sì rí i pé èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Àwọn ọkùnrin tó ti wá ṣáájú, ọmọ yẹn ti fi ẹnu lé gbogbo wọn lọ, kò sì sí èyí tó rín ẹ̀rín fún nínú wọn.

Aránṣọ tó ń gbé òdìkejì títì wa ló ṣe alárinà. Obìnrin yẹn, tí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí i létí ọ̀tún, ẹnu ni yóò gbà jáde kó tó dé etí òsì. Ó máa ń rán aṣọ fún ìyá Onídígí, ó sì máa ń rán tiwa náà.

“Ọmọkùnrin yẹn ò jẹun mọ́ o,” ó sọ fún mi.

“Kó lọ rí dókítà.”

“Ìfẹ́ ló ń ṣe é, Àǹtí!”

“Kó ṣáà lọ rí dókítà.”

Ẹnu ẹ̀ náà la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá. Màmá Ológe ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin náà. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìpara tó tóbi jù ní títì ńlá, apá kan ṣọ́ọ̀bù náà ló sì fún ọmọ ẹ̀ kó máa gé dígí níbẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi ìpara tó ń bóra ṣe ara ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti gbọ́ràn, ọrùn ẹ̀ ti gbọ́ràn, àmọ́ àwọn oríkèé ìka ẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ibi tí wọ́n bí àwọn sí làwọn máa kú sí.

“Ó ní kí n sọ fún yín,” Aránṣọ wí, ó sì ń fi ahọ́n lá ètè bí ẹni tó rí oyin, “ó ní ọmọ òun ò lè gbé ìkòkò àdí wọlé. Ó ní Adúmáadán ti dúdú jù, àti pé òórùn àgbọn á ti jókòó sí pálọ̀ kí ọmọ náà fúnra ẹ̀ tó kan ilẹ̀kùn.”

“Sọ fún un pé dúdú ọmọ mi ò pọ̀ jù. A ò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá wa wọ̀n ọ́n.”

Adúmáadán, tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, kàn ń rin àgbọn ẹ̀ lọ. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí Aránṣọ lọ tán, tá a jọ ń sẹ́ àdí, ó ní, “Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà rí i pé ojú àánú ló ní?”

“Àgùntàn náà ní ojú àánú.”

“Ó ní òun máa bá ìyá òun sọ̀rọ̀. Ó ní kí n fún òun láyè díẹ̀.”

“Ìgbà wo ni ọkùnrin tó tójú bọ́ ń tọrọ àyè kó tó lè bá ìyá tó bí i sọ̀rọ̀?”

“Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí.” Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tó bá jẹ́ ohun tó burú ni ọmọ ń ṣe, a máa ń rí nǹkan sọ. Ìfẹ́ ló ń ṣe, kí ni mo fẹ́ wí?

Láàárín oṣù díẹ̀ sígbà yẹn, Onídígí bẹ̀rẹ̀ sí í ra àdí lọ́wọ́ wa déédéé. Ó ní àwọn oníbàárà ń bèèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Inú Adúmáadán dùn débi pé ó ń kọrin nídìí iná. Lójú tiẹ̀, tí àdí òun bá ti lè dé orí kọ́ńtà Màmá Ológe, òun náà ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Ó máa ń fi ìkòkò tó dáa jù sílẹ̀ fún un. Èmi náà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Mo ní bóyá mo ti ṣi ọmọ ọlọ́mọ dá lẹ́jọ́.

Ni Aránṣọ bá mú ìròyìn wá pé Màmá Ológe ti gbà láti rí wa.

Pálọ̀ ẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Dígí ni gbogbo ògiri, débi pé ibikíbi tí èèyàn bá kọjú sí, ara ẹ̀ ló ń wò, àga funfun wọn náà ṣì wà nínú náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi gbé e kúrò ní ọjà. Ó fún wa ní tíì nínú ife kékeré. Kó tó jókòó, ó lọ ṣí fèrèsé.

“Ẹ má bínú o,” ó ní, “mo fẹ́ kí atẹ́gùn wọlé díẹ̀.”

Mo ní kò burú, pé atẹ́gùn dáa fún ẹni tí ara ń ta. Aránṣọ, tó bá wa wá, wúkọ́. Onídígí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín itan.

Màmá Ológe wo Adúmáadán láti òkè délẹ̀. “Ara ẹ ń dán o, bó tiẹ̀ dúdú. Ìpara wo lò ń lò?”

“Àdí àgbọn tí mò ń sè ni, Mà.”

Ìyá yínmú. “Ayé ti kúrò níbẹ̀, ọmọ mi. Àwọn tí ò rí ọ̀nà gbé e gbà ló ń fi ohun tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò para. Wo ara tèmi. Awọ ojú mi ti ń ṣí, ó ń ta mí, gbogbo kírímù tí mo ń lò ni mo pa tì. Ọmọ mi yìí ló wá òróró kan fún mi láti òkèèrè. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ló ń fi ránṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń lò ó, ẹ wò ó!” Ó na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sì ń dán lóòótọ́. Ó wọ yàrá, ó gbé ìgò kan jáde. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìdérí ẹ̀ dà bí góòlù, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kún fún èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọ́, àwòrán òkè tí yìnyín bò ló sì wà níwájú ẹ̀.

Ó kán an sí mi lọ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ símú. Àgbọn ni, èèpo ọsàn sì wà nínú ẹ̀.

Àgbọn wo ló ń so lórí yìnyín? Mo wo Adúmáadán. Òun náà ti gbóòórùn ẹ̀. Kò wo ìgò, kò wo ìyá, Onídígí ló tẹjú mọ́. Onídígí ń wo bàtà ara ẹ̀.

“Irú èyí ló yẹ kí ọmọbìnrin tó mọ ara ẹ̀ níyì máa lò,” ìyá ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, “kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi aṣọ fún lẹ́yìn ilé.”

Ẹnu mi ti là. Mo ti rí bí mo ṣe máa tú obìnrin yẹn fó níwájú gbogbo dígí ẹ̀. Adúmáadán gbé ọwọ́ lé mi ní orúnkún, ó tẹ̀ ẹ́.

“Onídígí,” ó ní jẹ́jẹ́, “ṣé o ní nǹkan tí o fẹ́ sọ?”

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Mo dárúkọ ẹ̀ fún Ọlọ́run nínú ikùn mi, mo ní, sọ ọ́, ọmọ yìí, sọ ọ́ kí n lè bọ̀wọ̀ fún ẹ.

“Rárá,” ó ní. “A máa... a máa sọ̀rọ̀ tó bá yá.”

Adúmáadán dìde. “Màmá, ẹ ṣé fún tíì. Òróró yín dáa gan-an. Ẹ rọra máa lò ó o, torí kò ní sí òmíràn.”

Ìyá ò mọ ohun tí Adúmáadán ń sọ. Ó ṣì ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ Aránṣọ nígbà tá a fi dé orí àtẹ̀gùn. Onídígí sáré tẹ̀ lé wa.

“Jẹ́ n ṣàlàyé. Mo fẹ́ kí Màmi kọ́kọ́ fẹ́ràn òróró náà ni. Tó bá ti mọ́ ọn lára, màá wá sọ fún un pé ìwọ lo ṣe é. Torí tìẹ ni mo ṣe ṣe é!”

“Torí tèmi lo ṣe fi bébà bo iṣẹ́ mi lójú?” Adúmáadán ò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. “Ìyá ẹ kórìíra mi ní gbangba. Mo lè bá ẹni bẹ́ẹ̀ jà, mo sì lè bá a gbé. Ìwọ, ìkọ̀kọ̀ lo ti ń fẹ́ràn mi. Kí ni kí n fi ìyẹn ṣe? Gbogbo ọjọ́ yìí ni mo ti ń fojú tín-ín-rín ìyá ẹ. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó yẹ kí n máa gàn ni mò ń fi ìkòkò tó dáa jù pamọ́ fún.”

“Adúmáadán...”

“Ṣìọ̀!” ni èmi fi parí ẹ̀, torí mo ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó wá sílé wa lẹ́yìn ìyẹn, ó tún wá, a ò ṣílẹ̀kùn. Aránṣọ wá bẹ̀ wá, mo ní kó lọ máa rán aṣọ ẹ̀. Adúmáadán ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí àgbọn ṣẹ̀, ó ń fọ́ wọn bí ẹni tó ń fọ́ orí ọ̀tá. Láràárọ̀, mo máa ń rí i pé ojú ẹ̀ ti wú. Mi ò bi í. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ nígbà tó yá.

“Àǹtí, mo gàn án o. Tọkàntọkàn ni mo gàn án. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ìfẹ́, kò gbọ́.”

“Á gbọ́. Etí ẹ̀ di ni.”

“Tí kò bá gbọ́ ńkọ́?”

Mo gba asẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní kó lọ jókòó.

Ó tó oṣù díẹ̀ kí Aránṣọ tó tún fò wọlé, kò tiẹ̀ kí wa. Ó ní òun lọ fún Màmá Ológe láṣọ, ṣọ́ọ̀bù kún bámúbámú, ni Onídígí bá gbé dígí tó ń gé sílẹ̀, ó gbé ìgò olókè yìnyín lé orí kọ́ńtà, ó sì fi èékánná ṣí bébà ara ẹ̀ níwájú gbogbo èrò. Ó ní, “Màmi, kò sí ọ̀rẹ́ kankan ní òkèèrè. Adúmáadán ló ṣe òróró yìí. Ojú ló tì mí, mo parọ́ fún yín, mo sì parọ́ fún òun náà.”

“Kí ni ìyá ẹ̀ ṣe?” Adúmáadán bèèrè.

“Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Nígbà tí àwọn oníbàárà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó gbá a létí, gbòà! Ó ní kó kó dígí ẹ̀ jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ̀gbẹ́ àwọn mẹkáníìkì ló wà báyìí, abẹ́ páànù.”

“Kí wá ni ká ṣe?” mo ní. “Ká pàtẹ́wọ́ fún àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ òótọ́?”

Mo rò pé yóò sáré wá gba ìyìn ẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ṣètò èébú sílẹ̀ dè é. Kò wá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, kò wá. Àìwá yẹn ló gbé Adúmáadán nílẹ̀. Ó wọ bàtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jáde. Kò ní kí n bá òun lọ, èmi náà ò sì gbàṣẹ kí n tó tẹ̀ lé e.

Abẹ́ páànù náà gbóná bí inú ààrò. Ẹ̀rọ mọ́tò ń pariwo lápá ọ̀tún, Onídígí sì tẹ̀ síwájú tábìlì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò dọ́gba, ó ń gé gíláàsì. Ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò rí áyọ́ọ̀nù mọ́.

“Kí ló dé tí o ò wá sọ fún mi?” Adúmáadán bi í.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já ohun tó ń gé sílẹ̀. “Tí mo bá wá, o máa rò pé èrè ni mo wá gbà.”

“Ohun tí mo máa rò gan-an nìyẹn.”

“Mo mọ̀.”

“Ọ̀lẹ ni ẹ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ojo ni ẹ́. Òpùrọ́ sì ni ẹ́. Irọ́ tí o tiẹ̀ pa ò mọ́gbọ́n dání, ta ló ń gbin àgbọn sórí yìnyín?”

Ó ronú sí i. “Àwòrán yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹni tó bá mi tẹ bébà náà.”

Adúmáadán gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. Mo rí i bó ṣe ń bá ẹnu ara ẹ̀ jà. Ẹnu ẹ̀ borí, ó sì bú sẹ́rìn-ín débi pé mẹkáníìkì kan yọrí jáde lábẹ́ mọ́tò. Lẹ́yìn náà, ó fa páálí kan, ó jókòó lé e. Mo yí padà sílé. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, Màmá Ológe wá sí yàrá iṣẹ́ wa. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì ẹ̀ mọ́yà kó má baà kan nǹkan wa.

“Lọ́jọ́ yẹn, o mọ̀ pé tìẹ ni òróró náà. Kí ló dé tí o ò tú ọmọ mi fó lójú mi?”

“Irọ́ tiẹ̀ ni, Mà. Òun ló yẹ kó tú u.”

Ìyá tún fa báàgì ẹ̀ mọ́ra. “Mi ò fẹ́ràn ẹ o.”

“Mo mọ̀, Mà.”

“Ṣùgbọ́n màá wá.”

Ó sì wá lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọ́n fi í jókòó sí nínú ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní, “Kì í ṣe torí ẹ̀yin ni mo ṣe wá.” Mo ní kò sẹ́ni tó pè é torí mi. Bá a ṣe wà nìyẹn títí wọ́n fi fọwọ́ síwèé. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Mo gbà fún ìgbéyàwó náà, àmọ́ mi ò tíì gbà fún ọkọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sílé wọn, mo máa ń wò ó bí ẹni tó ń wo àga tí ò dá lójú pé ó lè gbé òun. Títí ọmọ fi dé.

Ọmọbìnrin ni. Awọ ara ẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀, bí ti ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun. Mo gbé àdí lọ, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi sè. Bí mo ṣe wọ yàrá, Màmá Ológe ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ike ìpara tó ń ta sánsán débi pé imú mi yún mi.

“Ẹ gbé ìkòkò yín kúrò lọ́dọ̀ ọmọ,” ó ní. “Ṣé ẹ fẹ́ dín in ni?”

“Ó sàn ju kí ẹ bó o bí ọsàn lọ!”

“Ọmọ ọmọ mi ni!”

“Ṣé kì í ṣe tèmi náà ni?”

Adúmáadán wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ó di ojú. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Onídígí wọlé, ó gbé ọmọ sí èjìká, ó ní, “Nọ́ọ̀sì ní ká má tíì fi nǹkan kan pa á lára. Ó ní ká fi awọ ẹ̀ sílẹ̀.”

“Kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀?” Èmi àti Màmá Ológe la sọ ọ́ pa pọ̀.

Ó fi ọwọ́ kan gba ìpara lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ó gba àdí lọ́wọ́ mi. Ó gbé méjèèjì síta, ó padà wá, ó di ilẹ̀kùn mú.

“Màmi, Àǹtí,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé wọn.”

Mo rò pé eré ni. Mo wo ojú ẹ̀, kò sí eré níbẹ̀. Ká tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, orí àtẹ̀gùn la ti bá ara wa, a sì gbọ́ kọ́kọ́rọ́ tó yí lẹ́yìn wa.

“Ṣé èmi ló ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?” Màmá Ológe bèèrè.

“Àwa méjèèjì ni.”

“Mi ò mọ ibi tó ti kọ́ ọ.”

“Kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín.”

Nínú yàrá, Adúmáadán ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀. Ọkọ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fún ọmọ. Ohùn ẹ̀ burú jáì, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, ó sì ń kọ ọ́ lọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ dákẹ́. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ ọ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà, mo sún sápá kan kí Màmá Ológe lè ráyè jókòó.